Oko Kaṣú Wa Nínú Ogun Àwọn Ará Íńdíà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú tí mo wà yìí ní gúúsù Íńdíà, obìnrin kan fi ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò wa. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà figbe ta, mo sì dì í mú dáadáa, torí mo ń rò ó pé bí ó bá já bọ́, èmi àlejò ni wọn yóò mú. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, ìyá náà gba ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi, mo ń nu itọ́ ọmọ ọlọ́mọ kúrò lára ẹ̀wù mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọmọ tèmi gbẹ̀yìn. Dáre ti kọjá ẹni tí à ń gbé. Ó ti ga jù mí lọ nígbà tí mo fi Ìkàrẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ ayẹ̀wò aṣọ ló gbé mi wá síbí. Ìlú yìí ni wọ́n ti ń rán ẹ̀wù pólò tí àwọn oníṣòwò wa ń kó lọ sí Nàìjíríà. Ọmọ Àkókó kan tí ó ń ra ọjà níbẹ̀ ń wá ẹni tí yóò dúró fún un nílé iṣẹ́, tí yóò máa wo ojú rírán kí wọ́n tó di ọjà sínú páálí. Sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti dá ìwé kíkà dúró, ṣùgbọ́n ojú mi mú. Bí òwú kan bá yọ lábẹ́ apá, n ó rí i. Bí ọrùn ẹ̀wù kan bá fẹ̀ ju ti ìkejì lọ, n ó yà á sọ́tọ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ojú tí mo fi ń wo aṣọ náà ni mo fi ń wo ọmọ, pé n kò lè rí ọmọ kí ó kàn máa lọ, àfi kí n wá ibi tí ó ti já lára rẹ̀. Kò parọ́ mọ́ mi.

Yàrá gbígbà ni ó kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Bí mo bá bá onílé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yàrá wà. Bí mo bá yọjú sí i, yàrá ti tán. Ìgbà tí mo rí èyí tí mo wà yìí, lókè ilé ìtajà ọlọ́bọ́tìnnì, inú mi dùn bí ẹni kọ́lé. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ le. Ní Ìkàrẹ́, bí mo bá ń lọ sọ́jà, n ó kí ènìyàn títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu mi. Níbí, mo lè máà la ẹnu sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, bí kò ṣe sí Ọlọ́run. Nígbà tí ó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara mi nínú dígí. "Bàbá Dáre, ẹ kú ojúmọ́. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Mo á dáhùn pé a dúpẹ́. Kì í ṣe pé orí mi ti dàrú. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan pe orúkọ ọmọ mi mọ́ mi lára kí n tó jáde ni.

Mùrúgà ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá mi sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Òun ni ó ń lọ aṣọ nílé iṣẹ́ wa. Abúlé rẹ̀ jìnnà sí àríwá, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì ń rí wọn àfi nígbà ọdún. Àlejò ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìlú rẹ̀ ló ti ń ṣe àlejò. Ohun tí ó mú wa mọra ni iṣu. Mo rí iṣu kan lọ́jà tí ó rí ṣáńpá bí ẹsẹ̀ erin, mo gbé e wálé tayọ̀tayọ̀, mo sè é, mo jẹ ẹ́. Ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí ẹni tí ó gbé wèrèpè mì. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Mùrúgà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Anna, ta ló rán yín sí iṣu yẹn?"

Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ní èdè Támílì nìyẹn, anna. Gẹ̀ẹ́sì ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tèmi náà kò pọ̀, a fi wọ́n dọ́gba. Ó ṣàlàyé pé èso kíkan kan ni wọ́n máa ń fi sè é kí ó má baà yún ènìyàn. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé díẹ̀ wá fún mi nínú ike. Mo jẹ ẹ́, kò yún mi. Mo fi fóònù ya abọ́ náà, mo fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi.

Ó pè mí padà. "Kí ni mo ń wò yìí?"

"Iṣu ni."

"Ta ló sè é?"

"Ọkùnrin kan tí ó ń lọ aṣọ ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni, ǹ bá wọkọ̀ wá."

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo béèrè Dáre, ẹ̀rín sì tán.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí kò mọ ilé wa: Ọ̀kà ni ilé bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi àti Dáre, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Bàbá àgbà wa fẹ́ ìyàwó méjì. Ilé ìyá àgbà wà lókè, ilé ìyá kékeré tí ó bí bàbá mi wà nísàlẹ̀, àgbàlá kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n Súlè ni àgbà ilé òkè báyìí. Wọ́n ń kírun, àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. À ń jẹ ẹran iléyá wọn, wọ́n ń jẹ ìrẹsì Kérésì wa. Ohun tí ó wà láàrin wa ni oko kaṣú tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Kò pín in kí ó tó kú. Nígbà tí kaṣú kò tíì níye lórí, kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí ààlà wà. Nígbà tí àwọn tí ń ra kóró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ ńlá wọ̀lú, gbogbo wa la rántí ààlà, ibi tí oníkálukú sì rántí rẹ̀ sí yàtọ̀.

"Dáre ti lọ sí Ọ̀kà," ni ìyàwó mi wí.

"Lónìí tún?"

"Bàbá Dáre, ọmọ ogún ọdún kì í ṣe ewúrẹ́ tí mo lè so mọ́ igi."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ oko."

"Kí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ?"

Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí ẹni tí ó lọ sóko láìmú àdá dání rí?"

Bí mo bá rí Dáre fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju bíńtín lọ. Ṣé o ti jẹun? Mo ti jẹun, sà. Ṣé o ń lọ síbi iṣẹ́ tí o ń kọ́? Mò ń lọ, sà. Fi Ọ̀kà sílẹ̀, Dáre, jọ̀wọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, Dádì. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù yóò ṣe kú. Òbí tí ó wà nílé lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó lè kó kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lè ṣe àìsàn irọ́. Ohùn nìkan ni ó kù fún èmi, ọmọ sì lè fi àtàǹpàkò pa ohùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbọ́ tí Mùrúgà ń kọrin sí ẹ̀wù tí ó ń lọ. Kì í ṣe orin rédíò. Ó gùn, ó ń lọ sókè sódò, ó máa ń dúró níbì kan bí ẹni tí ń mí, kí ó tó tún gbéra. Mo bi í léèrè kí ni.

Ó ní, "Ewì ni. Ó ti pẹ́ jù, kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi ní díẹ̀ nínú rẹ̀."

"Kí ló wà nínú ewì náà?"

"Ìdílé kan ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò. Ilẹ̀ kan ṣoṣo."

Mo gbé ẹ̀wù ọwọ́ mi sílẹ̀. "Àwọn wo ló gba ilẹ̀?"

"Anna, ẹ ò tíì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀."

Kò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní tí a bá dé ìta. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ó mú mi lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò tí ó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, irú èyí tí ó wà nílé wa gẹ́lẹ́, ewé rẹ̀ sì korò bákan náà, torí mo ti tọ́ ọ wò. Ó ní nílé àwọn, ènìyàn kì í ka ewì ogun yẹn tán lábẹ́ òrùlé tí ìdílé ń sùn sí. Wọ́n gbà pé yóò kó ìjà wọlé. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ́, níbi tí atẹ́gùn ti lè gbé e lọ.

Mo sọ fún un pé ìjà ti wọ ilé tèmi ná, kí ó máa sọ ọ́ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀ nígbà oúnjẹ. Mo ti ka ìtàn rí. Tíṣà Yorùbá wa ní sẹ́kọ́ńdírì yin àròkọ mi lẹ́ẹ̀kan níwájú kíláàsì, mo sì gbé ìyìn yẹn kiri fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì pàdé irú ìtàn báyìí. Kì í kánjú. Bí ẹnì kan yóò bá kú, ìtàn náà yóò kọ́kọ́ mú ọ lọ sílé rẹ̀, yóò fi ẹni tí ó fún un lóúnjẹ hàn ọ́, yóò sọ ẹ̀jẹ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tó bí i. Bí o bá fi máa dé ojú ogun, ojú á ti máa tì ọ́ láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kò sí aburú kan níbẹ̀ tí kì í ṣe pé ènìyàn rere kan ló ní ìdí tí ó fi ṣe é. Mo máa ń padà sídìí iṣẹ́ tí ọwọ́ mi á máa wá òwú tó yọ, ọkàn mi á wà ní Ọ̀kà. Mo rò ó pé bí ẹnì kan bá lè fi ilé òkè àti ilé ìsàlẹ̀ han Dáre báyìí, kò ní lè mú àdá mọ́.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn tèmi. N kò gbé òrìṣà wọn wọlé, n kò sì gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin wọn. Ìtẹ́ ọba di oko kaṣú. Ẹṣin di ọ̀kadà. Mo sọ akọni ilé ìsàlẹ̀ ní Akínṣọlá, mo sọ ti ilé òkè ní Jagunlabí. Bí mo bá kọ apá kan tán, mo á kà á sínú fóònù, mo á fi ránṣẹ́ sí Dáre ní àárọ̀ tiwọn. Mo rí i pé ó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò fèsì. N kò dúró. Ní ọjọ́ tí mo fi apá kẹta ránṣẹ́, níbi tí Jagunlabí ti gbé Akínṣọlá tí ara rẹ̀ gbóná sẹ́yìn láti oko dé ọsibítù nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, fóònù mi dún.

"Dádì, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

Kò sí "sà". Kò sí "nẹ́tíwọ́ọ̀kì". Ọmọ mi béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ó dúró de apá kẹrin. Ọjọ́ náà ni mo ra tíì fún gbogbo aránṣọ tí ó wà ní ìlà wa, wọ́n sì rò pé wọ́n bí ọmọ fún mi ni.

Ohun kan wà tí mo mú wọ ìtàn náà láti ilé. Mo ti ṣàkíyèsí pé ewì Mùrúgà kì í dárúkọ akọni kan lásán. Á yìn ín, á dárúkọ bàbá rẹ̀, á sọ ohun tí apá rẹ̀ lè ṣe. Mo ní ohun tí ó jọ ìyẹn nílé wa. Ìtàn akọni tí a kò kì, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Nítorí náà, ìgbàkigbà tí àwọn méjèèjì bá fẹ́ wọ oko, mo á fi oríkì bàbá àgbà wa kì wọ́n: ọmọ òkè ò yẹsẹ̀, ọmọ àpáta tí òjò ń pa tí kò rẹ̀. Ohùn mi máa ń gbọ̀n bí mo bá ń kà á. Ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo wà láàrin àwọn ènìyàn mi. Ní apá kẹfà, wọ́n pàdé ní oko, Akínṣọlá sì pa Jagunlabí. Mo ki àwọn méjèèjì gan-an níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀fọ̀ náà ni Dáre yóò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Súlè ló kọ́kọ́ pè mí.

"Bàbá Dáre."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ilé ńkọ́?"

"Fi ilé sílẹ̀. Ta ní ń jẹ́ Jagunlabí?"

"Ìtàn lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Àkọ́bí ilé òkè ni, ó dúdú, ó ga, ó sì ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì. Lúkmọ̀n ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ijó ló ń jó nígbà tó bá ń rìn?"

Òótọ́ ni. Nígbà tí mo ń wá bí Jagunlabí yóò ṣe máa rìn, ìrìn Lúkmọ̀n ni ó wá sí mi lójú, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe rí i.

"Mo yí orúkọ padà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Orúkọ lo yí. O mú ẹsẹ̀ ọmọ mi, o mú oríkì bàbá tó bí bàbá wa, o fi kì í bí màlúù tí wọ́n fẹ́ dúńbú, o wá pa á. Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún láti wá òwú lábẹ́ apá aṣọ, o ò rí ìyẹn? Àwọn ọmọ ilé yín ti gbé e sí sípíkà lóko. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ohun tí o lọ kọ́ ní Íńdíà náà nìyẹn? Kí o máa fi ẹnu pa ọmọ ọlọ́mọ?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo pe Dáre lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Dádì, gbogbo àwọn bọ́ìsì ló ti ní i lórí fóònù. Akínṣọlá ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ibi tí ẹ ti ń kì í yẹn, orí mi máa ń wú ni."

"Dáre, n kò kọ ọ́ kí orí rẹ lè wú."

"Ṣùgbọ́n àwa la borí, àbí? Nínú ìtàn yẹn, àwa la borí."

Ó sọ fún mi pé awọnlẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé tí ó tẹ̀lé èyí tí ń bọ̀, pé ilé òkè ti ní kò ní wọn ilẹ̀ níṣojú àwọn, ilé ìsàlẹ̀ sì ti ní yóò wọ̀n ọ́n. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Oríkì yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọ́ kí ó jókòó. Ẹni tí wọ́n bá ti kì ti dìde ná. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi bàbá rẹ̀ ni mo jókòó sí Íńdíà tí mo ń kì í lọ sójú àdá.

Mùrúgà rí ojú mi, ó sì béèrè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lábẹ́ igi náà.

"Níbo lẹ dá a dúró sí?"

"Ibi tí wọ́n ti borí."

Ó mi orí. "Kò sí ẹni tó ń dá a dúró síbẹ̀, anna. Ọdún wa ń parí lọ́jọ́ Àìkú nílé. Ẹ bá mi lọ. Ẹ máa rí ibi tó parí sí."

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ní abúlé wọn ni ọkùnrin kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ sí gbangba ilẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó dojú kọ ọ̀run, ó gùn ju ọkọ̀ àjàgbé lọ. Wọ́n fi ẹfun àti osùn kun ojú rẹ̀, wọ́n ṣe irunmú fún un. Òun ni olórí ọ̀tá nínú ewì náà. Àwọn òṣèré wá bá a jà ní àárọ̀, ẹni tí ó borí gun orí rẹ̀, ó pariwo, ó lọ. Mo rò pé ó ti parí. Mùrúgà di apá mi mú. Ọkùnrin kan tí ó múra bí arúgbó obìnrin jáde wá, irun rẹ̀ tú sílẹ̀. Ìyá ọ̀tá nìyẹn. Ó ń rìn yí amọ̀ náà ká, ó ń wá ibi tí yóò ti gbé ọmọ rẹ̀, ó ga jù fún un. Ó jókòó níbi etí rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń jí ọmọ kí ó má baà pẹ́ dé ilé ìwé. Àwọn obìnrin abúlé náà ń sunkún. Kì í ṣe ẹkún eré.

Ìyá Mùrúgà wà lára wọn. Nígbà tí eré tán, gbogbo wọn rọ́ lọ sídìí amọ̀ náà, wọ́n ń bu ún, wọ́n ń dì í sí etí aṣọ wọn. Mùrúgà ní ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí nílé ni wọn yóò fi í sí, kí oúnjẹ má baà tán. Ìyá rẹ̀ bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

Mo ní kí Mùrúgà bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbé ara ọ̀tá wálé.

Ìyá náà wò mí bí ẹni tí ó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. Mùrúgà túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ta ló pè é ní ọ̀tá? Ó ní ọmọ ilé ni."

Mo dúró láàrin wọn pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Íńdíà tí kò sí ẹni tí ó wò mí. Kò sí ẹni tí ó ya fọ́tò mi. Ojú oníkálukú kún fún omi, tèmi náà kún, wọ́n sì gbà pé mo mọ ohun tí mò ń sunkún sí.

Bí a ti padà dé ibi iṣẹ́ ni mo kọ ìparí. Mo wá a títí kí n tó rí i, torí ẹkún nìkan kò ní tó fún Dáre. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bí a ti ń ṣe nílé wa. Òbí kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Ní àgbàlá wa, bí ọ̀dọ́ ilé òkè bá kú, àwọn ọ̀dọ́ ilé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ilé ìsàlẹ̀, àwọn ti òkè ni. Èmi fúnra mi ti gbẹ́ ilẹ̀ fún àbúrò Ẹ̀gbọ́n Súlè nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́.

Nítorí náà mo kọ ọ́ pé àwọn ará ilé Jagunlabí dìde, àwọn ará ilé Akínṣọlá dìde, gbogbo wọn sì ṣubú sí abẹ́ kaṣú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, àwọn bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀. Ọkọ́ wà nílẹ̀. Àwọn tí ó bí òkú kò gbọdọ̀ mú un. Àwọn tí ó yẹ kí ó mú un ni wọ́n dùbúlẹ̀ lóko. Oòrùn ń gòkè. Àwọn àgbà ń wo ara wọn láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tí ó dìde. Ibẹ̀ ni mo dá a dúró sí. N kò ki ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n Súlè ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, lẹ́yìn náà Dáre. Ẹ̀gbọ́n kò fèsì. Dáre pè ní ọjọ́ kejì.

"Dádì, ẹ tún ìparí yẹn ṣe."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò dáa. Kò sí ẹni tó kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnì kan kù tó máa gbẹ́ ilẹ̀."

"Nílé wo? Ta ni kí n fi sílẹ̀?"

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ sunkún sí i létí. N kò ṣe é.

"Dáre, ibi tí mo lè kọ ọ́ dé nìyẹn. Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ ní Sátidé."

Ìyàwó mi gbéra lọ sí Ọ̀kà ní àárọ̀ Sátidé náà. Mo wà nídìí iṣẹ́, ojú mi wà lára fóònù. Mùrúgà gbé ẹ̀wù kan padà wá bá mi tí mo ti yẹ̀ wò, tí mo ní ó dára. Apá rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi í sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ọ̀sán tiwọn pọ́n, fóònù dún.

"Dádì, wọ́n ti wọ̀n ọ́n."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi rèé. Ariwo kọ́kọ́ pọ̀. Awọnlẹ̀ ní òun ò ní wọ̀n ọ́n láàrin àdá, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá di téèpù. Bàbá Lúkmọ̀n ló nawọ́ sí mi, wọ́n ní èmi ni kí n wá. Wọ́n wá pe Lúkmọ̀n fún orí kejì."

"Ààlà ńkọ́?"

"Ó jẹ wọ ọ̀dọ̀ wa. Kaṣú ńlá tí bàbá àgbà kọ́kọ́ gbìn bọ́ sí tiwọn."

"Inú bí àwọn tiwa?"

"Inú bí wọn. Inú bí èmi náà. Mo fẹ́ ju téèpù náà sílẹ̀ nígbà tí mo rí ibi tó ń lọ. Lúkmọ̀n wò mí, mo sì wò ó. Ọ̀kan nínú wa ì bá ti sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n a kàn di téèpù mú."

N kò béèrè ohun tí wọn ì bá ti sọ. Mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ ń dún, ohùn ìyàwó mi ń pe àwọn ènìyàn wá jẹun. Fóònù bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Bàbá Dáre, ẹ káàsán o."

"Ta nìyẹn?"

"Òkú yín ni."

Ẹ̀rín sọ níbẹ̀. Ó ń bá a lọ, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ pa mí sóko, ẹ ò tiẹ̀ rí ẹni sin mí. Ebi ń pa òkú, ìyàwó yín sì ń wò ó."

"Ọmọ mi, má bínú," ni mo wí.

"Ẹ má pè mí ní Jagunlabí mọ́ ṣá. Ẹ pè mí lórúkọ tí bàbá mi sọ mí."

Mo pè é. Ó jẹ́ mi.